Ṣílè Inú Ìkòkò: Bí a Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Owó Fàdákà Àtijọ́ ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Nígbà tí wọ́n bá wó ilé alámọ̀ àtijọ́ kan ní Òkélisà ní ìlú Oǹdó, tàbí tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ tuntun sí ìdí ògiri àtayébáyé kan ní Ìjọmu ní Àkúrẹ́, owó onírin a máa jáde nígbà mìíràn. Ọdún ni ojú àwọn ọmọ ilé kọ́kọ́ máa ń wá lára rẹ̀. Bí wọ́n bá nu erùpẹ̀ kúrò tí wọ́n rí 1887, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: wọ́n á ní ọdún 1887 ni bàbá ńlá àwọn kọ́ ilé náà. Láti ibẹ̀, ọdún yẹn lè wọ inú ìtàn ìdílé, kó wọ inú ìwé ètò ìsìnkú, kó sì dé iwájú adájọ́ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bá di ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ owó náà kò sọ ohun tí ó jọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó sọ kò ju pé ní 1887, ní òkè òkun, ni wọ́n rọ òun. Ìgbà tí ó dé Oǹdó, iye ọwọ́ tí ó gbà á kọjá, àti ọjọ́ tí ó bọ́ sílẹ̀, kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí wọ́n kọ sí i lára.

Ẹni tí ó bá fẹ́ ka irú owó bẹ́ẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ irú owó tí àwọn ará ibí ná ṣáájú rẹ̀. Orúkọ Déjì kan ni ó dára jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Afúnbíowó ni wọ́n ń pe Ọba Adésìdá Kìíní, ẹni tí ó gun orí oyè Déjì Àkúrẹ́ ní 1897 tí ó sì wà lórí rẹ̀ títí di 1957. Ọmọdé òde òní tí ó mọ owó sí bébà aláràbarà lè máa ṣe kàyéfì bí ènìyàn ṣe lè fún bí owó. Owó ẹyọ ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Lójú ẹni tí ó sọ ọmọ rẹ̀ ní Afúnbíowó, funfun ni owó, inú òkun ni ó ti wá, kò sì sí orí ọba kankan lára rẹ̀.

Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín pọ̀ sórí okùn kan. Àádọ́ta irú okùn bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹgbàá, ìyẹn 2,000. Ẹgbàá mẹ́wàá sì kún àpò kan, èyí tí a ń pè ní ọ̀kẹ́, tí ó fi di pé ọ̀kẹ́ kan túmọ̀ sí 20,000 nínú ìṣírò wa títí dòní. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ sópin, sísì kan ni wọ́n sábà ń ka ẹgbàá ẹyọ sí. Nípa bẹ́ẹ̀, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ṣílè márùn-ún. Ẹrù orí ni ọ̀kẹ́ ẹyọ kan fún alágbàárù. Ṣílè fàdákà márùn-ún kò sì wúwo tó gíráàmù ọgbọ̀n. Ẹni tí ó fẹ́ ra ẹrù ní Èkó, tí ó sì ní láti rin ọ̀nà ọjọ́ púpọ̀ padà sílé, kò nílò kí ẹnikẹ́ni wàásù fún un kí ó tó mọ èyí tí yóò mú.

Ọ̀nà tí fàdákà gbà wọ ilẹ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ọ̀nà Ìjẹ̀bú kì í ṣí fún gbogbo ènìyàn. Èyí ni ó mú kí Gómìnà John Glover wá ọ̀nà mìíràn láti ìhà ìlà-oòrùn, tí ó sì rán Ọ̀gágun Goldsworthy lọ ní 1872 kí ọ̀nà tí ó ti etí ọ̀sà gba Oǹdó lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì lè ṣí. Charles Phillips, òjíṣẹ́ Ọlọ́run láti ọ̀dọ̀ ìjọ CMS, dé Oǹdó ní 1877. Nítorí náà, kò yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ó bá jẹ́ pé ilé Oǹdó ni fàdákà ìgbà Victoria ti pọ̀ ju ti Àkúrẹ́ lọ, nítorí pé ojú ọ̀nà ni Oǹdó wà.

Kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni fàdákà tí wọ́n ń ná ní Èkó nígbà náà. Dọ́là ilẹ̀ Sípéènì wà níbẹ̀, ti Mẹ́síkò àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀, àfi ìgbà tí ìjọba ṣe òfin ní 1880 pé wọn kì í ṣe owó mọ́. Bí irú dọ́là bẹ́ẹ̀ bá jáde nínú àpótí ìyá àgbà lónìí, ó ṣeé ṣe kí ó ti wọlé kí òfin náà tó dé, tàbí kí ó jẹ́ pé nítorí fàdákà ara rẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé ó ṣeé ná.

Fàdákà Gẹ̀ẹ́sì ni ó wá gbilẹ̀ lẹ́yìn náà, ojú ọba tí ó wà lára rẹ̀ sì ni ó yẹ kí ẹni tí ń wádìí kọ́kọ́ wò bí ọdún bá ti parẹ́. Oríṣi mẹ́ta ni ojú Victoria tí wọ́n yà sára ṣílè. Títí di 1887, ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó di irun sẹ́yìn ni. Láti 1887 dé 1893, ó dé adé kékeré kan tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gba orí rẹ̀, aṣọ sì bò ó lẹ́yìn orí. Láti 1893 títí tí ó fi kú ní 1901, ìyá arúgbó ni. Gbogbo rẹ̀ ló kọ ojú sí apá òsì. Ọmọ rẹ̀, Edward VII, kọ ojú sí apá ọ̀tún, ó ní irùngbọ̀n, orí rẹ̀ sì ti ń pá. Bí ènìyàn bá yí ṣílè rẹ̀ padà, kìnnìún ni yóò rí tí ó dúró lórí adé. Ọdún 1902 sí 1910 ni ti ṣílè Edward VII yìí. Bí ìka ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ti họ gbogbo lẹ́tà kúrò, àpẹẹrẹ kìnnìún náà a máa ṣẹ́kù.

Ní 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní London tí yóò máa bójú tó owó ilẹ̀ Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Owó fàdákà ti ìgbìmọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí jáde ní 1913: tọ́rọ̀, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì. Igi ọ̀pẹ ni wọ́n yà sí ẹ̀yìn ṣílè àti ṣílè méjì. Ewé tí wọ́n hun yíká ni wọ́n fi sí ẹ̀yìn tọ́rọ̀ àti sísì. Lára àwọn kan, lẹ́tà kékeré wà nísàlẹ̀: H dúró fún ilé-iṣẹ́ Heaton ní Birmingham, KN sì dúró fún King's Norton ní ìlú kan náà. Ẹni tí ó bá ti rí ọ̀pẹ lára ṣílè ti mọ ohun kan láìka ọdún rárá: owó yẹn kò lè wọ ilẹ̀ ẹnikẹ́ni kí 1913 tó dé.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 1920 ni ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ogun àgbáyé kìíní ti gbé iye fàdákà lọ sókè débi pé irin inú ṣílè fẹ́rẹ̀ẹ́ níye lórí ju ṣílè fúnra rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí bẹ́ẹ̀, kò sí ìjọba tí ó lè dá alágbẹ̀dẹ lẹ́kun. Ìgbìmọ̀ náà fi fàdákà sílẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ tọ́rọ̀, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì. Ọ̀pẹ kan náà, ojú George V kan náà, ìwọ̀n fífẹ̀ kan náà, ṣùgbọ́n àwọ̀ ti di ìyeyè. Láti 1913 dé 1920, ṣílè ọlọ́pẹ funfun. Láti 1920 síwájú, ṣílè ọlọ́pẹ oníyeyè. Ọdún 1920 nìkan ni ènìyàn lè rí méjèèjì. Fún ẹni tí kò mọ̀wé rárá ní ọjà Ẹrẹ́késàn ní Àkúrẹ́, ojú lásán tó láti mọ̀ pé ohun kan ti yí padà nínú àdéhùn tí ó wà láàárín òun àti ìjọba.

Ìyípadà yẹn dá ìṣòro méjì sílẹ̀ tí ẹni tí ń wádìí lónìí kò gbọ́dọ̀ fojú fò. Èkínní ni pé funfun di ohun ìpamọ́, ìyeyè sì di ohun níná. Àwọn tí ó ní ṣílè fàdákà lọ́wọ́ kò fẹ́ kó lọ mọ́, àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà sì ń yọ́ ọ láti fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ àti ẹ̀gbà ọrùn. Nítorí náà, bí kò bá sí ṣílè funfun nínú ilé kan, ìyẹn kò fi hàn pé ilé náà kò tíì sí kí 1920 tó dé. Ó lè jẹ́ pé ọrùn ọmọbìnrin ilé ni fàdákà wọn wà. Èkejì ni ayédèrú. Idẹ rọrùn láti rọ ju fàdákà lọ, irin rẹ̀ kò sì wọ́n. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀dèjì Olúkòjú ti kọ iṣẹ́ ìwádìí jáde ní 2000 lórí ayédèrú owó ní Nàìjíríà ìgbà amúnisìn, ó sì fi hàn bí iṣẹ́ náà ṣe gbilẹ̀ tó, pàápàá ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ṣílè idẹ tí ó ní 1925 lára lè jẹ́ èyí tí alágbẹ̀dẹ kan fi ṣílè gidi ṣe àwòkọ rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Ara irú rẹ̀ a máa ní kókó wẹ́wẹ́ bíi ti ohun tí wọ́n dà sínú amọ̀, lẹ́tà rẹ̀ kì í mú, ìlà wẹ́wẹ́ etí rẹ̀ kì í sì dọ́gba. Ìtàn ọ̀daràn ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìtàn náà ni, ayédèrú tí ó bá jáde nínú ilẹ̀ kò sì yẹ ní jíjù nù.

Àwọn owó oníhò ṣáájú ṣílè ọlọ́pẹ. Láti 1907 ni onínì àti kọ́bọ̀ oníhò ti bẹ̀rẹ̀; épìnnì tẹ̀lé wọn ní 1911. Onínì mẹ́wàá ni kọ́bọ̀ kan. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà ni ó yí ihò náà ká ní ẹ̀yìn, adé sì wà ní iwájú. Lára àwọn tí ó kọ́kọ́ jáde, wọ́n kọ Nàìjíríà pọ̀ mọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí ó yá, wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò. Nítorí pé ihò ti gba àárín, kò sí àyè fún orí ọba, orúkọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ yíká. Ohun kékeré yìí ni ó bí ọ̀kan nínú àwọn owó tí ó yani lẹ́nu jù ní ilẹ̀ wa. Edward VIII jọba ní oṣù kìíní 1936, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún kan náà láìdé adé. Kò sí owó ìnáwó kan tí ó jáde pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ti jọba. Ṣùgbọ́n onínì, épìnnì àti kọ́bọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ó ní 1936 àti orúkọ rẹ̀ jáde ní rẹpẹtẹ, nítorí pé wọn kò nílò láti dúró de ayàwòrán tí yóò ya ojú rẹ̀. Ọba tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò fi ná epo, ìyá aláta ní Oǹdó fi ṣẹ́ owó fún oníbàárà.

Ọ̀rọ̀ kọ́bọ̀ Edward VIII yìí kan àpò ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí. Àwọn kan ń polówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé ẹni tí ó bá ní i ti di olówó, wọ́n á sì ní kí ó kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ tàbí owó àyẹ̀wò. Owó tí wọ́n rọ ní rẹpẹtẹ kò lè wọ́n bí ojú ẹja. Ìtàn ara rẹ̀ ni ó níye lórí. Ẹni tí ó bá ní kí a sanwó kí òun tó ra owó lọ́wọ́ wa kò fẹ́ ra nǹkan kan.

Lẹ́tà mìíràn wà tí ó wúlò bí ọdún bá ti nù. George VI, àbúrò Edward, ń jẹ́ ọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti ọba ńlá ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n sì ń fi IND IMP kọ ọ́ ní kúkúrú sára owó. Íńdíà gba òmìnira ní 1947. Lára owó wa tí ó ní 1949, lẹ́tà náà ti lọ. Òmìnira tí ẹlòmíràn gbà ní ìhà ìlà-oòrùn ayé hàn lára kọ́bọ̀ tí wọ́n fi ń ra ẹ̀kọ ní Àkúrẹ́, bí ó tilẹ̀ ku ọdún mọ́kànlá kí tiwa tó dé. Adésìdá Afúnbíowó wà lórí àga ní gbogbo àsìkò yìí: Victoria, Edward VII, George V, Edward VIII, George VI, Elizabeth. Mẹ́fà ni wọ́n lọ́hùn-ún; ọ̀kan ṣoṣo ni ní ààfin Àkúrẹ́.

Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ rò pé gbogbo owó ní ayé ni ó ń fi orúkọ ẹni tí ó wà lórí oyè hàn. Àwọn tí ń ka owó fàdákà ilẹ̀ Faransé láti ọ̀rúndún kẹwàá sí ìkẹtàlá mọ èyí dáadáa. Nígbà yẹn, agbára ọba Faransé kò káárí; àwọn ìjòyè àti bíṣọ́ọ̀bù ń rọ owó tiwọn, wọn kì í sì í kọ ọdún sí i. Ní Melle, ní agbègbè Poitou, wọ́n ń fi orúkọ Ọba Charles rọ owó lọ fún ọ̀pọ̀ ìran lẹ́yìn tí Charles ti kú, nítorí pé owó tí ó ní orúkọ yẹn ni ọjà gbà gbọ́. Ẹni tí ó bá ka Charles tí ó sì ní ìgbà Charles ni owó náà, ó ti ṣìnà. Ìwọ̀n rẹ̀, bí fàdákà rẹ̀ ti ń dín tí bàbà rẹ̀ sì ń pọ̀, bí wọ́n ṣe kọ lẹ́tà rẹ̀, àti àwọn owó tí ó bá a wà nínú ìkòkò kan náà ni wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ní 1262, Ọba Louis IX pàṣẹ pé owó ìjòyè kò gbọ́dọ̀ kọjá ilẹ̀ ìjòyè náà, ṣùgbọ́n kí ti ọba máa ná níbi gbogbo.

Irú rẹ̀ kò jìnnà sí wa. Dọ́là Maria Theresa ti ilẹ̀ Austria, tí àwọn Hausa ná ní Kánò, ní 1780 lára, ọdún tí ayaba náà kú. Láti ìgbà náà, ọdún kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ń kọ sí i, títí wọnú ọ̀rúndún ogún, ní Vienna, ní Róòmù, ní London, àní ní Bombay. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bá oníṣòwò obì dé Àkúrẹ́, 1780 tí ó wà lára rẹ̀ kò wúlò fún kíka ọjọ́ orí ilé ẹnikẹ́ni.

Ká wá padà sí ìkòkò inú ilẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan rí ọ̀kan lábẹ́ ilẹ̀ yàrá ní Ódójọ̀mù ní Oǹdó, pé ṣílè Victoria mẹ́ta wà nínú rẹ̀, ti kìnnìún méjìlá, ti ọ̀pẹ funfun ogún, àti pé 1919 ni ó kẹ́yìn nínú ọdún gbogbo wọn. Ojú ọmọ ilé yóò lọ sí Victoria, nítorí pé òun ni ó dàgbà jù. Àṣìṣe ni. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ni ó ń sọ ọ̀rọ̀: ẹnikẹ́ni kò lè fi owó 1919 sínú ìkòkò kí 1919 tó dé. Ìkòkò náà kò lè dàgbà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àìsí idẹ kankan nínú rẹ̀ lè túmọ̀ sí pé wọ́n bò ó mọ́lẹ̀ kí idẹ tó kárí ọjà, ní àsìkò tí owó kòkó gbéra lẹ́yìn ogun kí ó tó já lulẹ̀. Ó sì lè túmọ̀ sí pé onílé kọ idẹ, tí ó ń ṣa funfun jọ fún ọdún mẹ́wàá. Ara owó ni yóò bá wa dá a. Bí ṣílè 1919 náà bá ṣì mú, tí ewé ọ̀pẹ rẹ̀ ṣì ṣeé kà, kò pẹ́ nígboro. Bí ó bá ti pá bíi ti Victoria, ó ti rìn jìnnà kí ó tó sinmi.

Gbogbo àlàyé yìí wà nínú ìkòkò náà níwọ̀n ìgbà tí owó rẹ̀ bá ṣì wà pa pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá pín in, tí ẹ̀gbọ́n mú mẹ́wàá, tí àbúrò mú mẹ́jọ, tí ìyókù sì bọ́ sórí òṣùwọ̀n ẹni tí ń ra fàdákà, ó di irin lásán. Ṣílè fàdákà kan ń lọ sí bíi gíráàmù 5.65, iye yẹn ni oníṣòwò náà yóò san. Kò ní bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rí i tàbí ohun tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé ìjọba amúnisìn nípa agbègbè Oǹdó, tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ láti 1915, wà ní ilé ìkówèésí àgbà ti ìjọba ní Ìbàdàn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè lọ kà á. Ṣùgbọ́n ohun tí aláṣẹ kọ ni ó wà níbẹ̀. Iye tí àgbẹ̀ kòkó kan fi pamọ́ fún ara rẹ̀, irú owó tí ó fọkàn tán, àti ìgbà tí ó dẹ́kun fífọkàn tán an, kò sí ìwé tí ó kọ ọ́ ju ìkòkò yẹn lọ.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá rí i kí ó má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí yanrìn fọ̀ ọ́. Dúdú tí ó wà lára fàdákà kò pa á lára, fífọ̀ ni ó ń pa á. Kí ó ya àwòrán rẹ̀ bí ó ti wà nínú ilẹ̀, kí ó kọ bí ibẹ̀ ti jìn tó sílẹ̀ àti ohun tí ó wà lókè rẹ̀, bóyá ilẹ̀ alámọ̀ tí wọ́n lù tàbí sìmẹ́ǹtì. Kí ó ka gbogbo rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mú ọ̀kan. Kí ó sì fi tó àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé létí, àjọ tí òfin 1979 dá sílẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí ó ń da ọ̀pọ̀ ìwádìí rú. Owó tí ó ní ọ̀pẹ kò kúrò lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan. Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje 1959, owó onírin tí ó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan sì jáde lọ́dún náà, pẹ̀lú kọ́bọ̀ oníhò tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, náírà gba ipò pọ́n-ùn, ṣílè mẹ́wàá di náírà kan, orúkọ kọ́bọ̀ nìkan ni ó rọ́nà sá wọ inú owó tuntun. Àwọn ṣílè tí ẹnikẹ́ni kò rí pààrọ̀ di ohun ìṣeré ọmọdé. Wọ́n ta á bí òkòtó lórí ilẹ̀ ilé, ó kó sínú ihò èkúté, wọ́n gbá a mọ́ pàǹtí dà sẹ́yìnkùlé. Èyí tí ó jáde ní ìwọ̀n ìka ọwọ́ méjì péré sílẹ̀ lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ti Victoria, bí ó tilẹ̀ ní 1887 gbàgàdà lára, lè jẹ́ pé ọmọ kan tí ó ti di bàbá àgbà báyìí ni ó jù ú síbẹ̀ ní ọdún tí náírà dé.